Iṣẹ́ Mi Ni Kíkọ́ Àgbàlagbà Bí A Ṣe Ń Mí

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán ká tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe tí kì í rẹ́rìn-ín. Tí àwa àgbà bá jókòó pọ̀, tí wọ́n ní kí kálukú sọ iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìntì, ẹnì kan á ní òun ṣe tíṣà, ẹnì kan á ní òun ṣiṣẹ́ rélùwéè. Tó bá kàn mí, màá ní, "Èmi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń mí." Ẹ̀rín á sọ gèè! "Màmá Ráli, mímí kẹ̀? Ta ni ò mọ̀ ọ́n mí? Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí, ta ló kọ́ ọ?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, òótọ́ ni. Ọmọ tuntun mọ̀ ọ́n mí jù wá lọ. Ẹ wò ó nígbà tó bá ń sùn, ikùn rẹ̀ ló ń lọ sókè tó ń lọ sódò. Àwa àgbàlagbà la gbàgbé. Ìkánjú, ìbẹ̀rù, wàhálà ilé àti tìta, gbogbo ẹ̀ ti lé èémí wa gòkè títí ó fi dé èjìká. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń dá a padà sísàlẹ̀ fún àwọn èèyàn, inú mi sì ń dùn títí dòní bíi pé àná ni mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì pé iṣẹ́ wo ni kí n ṣe, ẹ fún mi létí díẹ̀.

Mùṣín ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń rán fìlà lójúde ilé wa, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Yábàá. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà mí fún. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn.

Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, yàrá kan wà tí mo máa ń gbọ́ tí omi ń hó gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ nínú rẹ̀ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ iná kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo yọjú. Kí ni mo rí? Bàbá arúgbó kan fi ẹnu sí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń fẹ́ ẹ. Rọ́bà náà wọ inú ìgò ńlá kan tí omi pupa wà nínú rẹ̀, ìgò yẹn tún ní rọ́bà mìíràn tó so ó mọ́ ìgò kejì. Bí bàbá ṣe ń fẹ́ ẹ ni omi pupa yẹn ń ti ìgò kìíní lọ sínú èkejì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ogún ọdún ni mí, kí ni mo mọ̀?

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ aṣọ funfun yíjú sí mi. Mádáàmù Morẹ́nikẹ́ nìyẹn, ẹni tó ní yàrá náà. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ fisió, ìyẹn iṣẹ́ fífi eré ìmárale àti mímí tún ara aláìsàn ṣe.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò bínú. Wá fẹ́ tìẹ."

Wọ́n nu rọ́bà mìíràn fún mi. Mo fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ, ojú mi ń ṣú, etí mi ń dún, omi yẹn kàn gbọ̀n díẹ̀ ni, kò kúrò níbi tó wà. Èjìká mi sì ti gòkè kan etí.

Mádáàmù ní, "Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n la inú wọn. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló yẹ kó fi ẹnì kejì rẹ́rìn-ín?"

Bàbá yọ rọ́bà lẹ́nu, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ojú abẹ ń dùn mí."

Ojú tì mí, mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo sá lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì mo tún padà. Lọ́jọ́ kẹta náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mádáàmù lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ tó ń gbálẹ̀ yẹn fún òun, ó ní ẹni tó lè padà síbi tí ojú ti tì í, ó ṣeé kọ́ níṣẹ́.

Hẹ̀ẹ̀n! Mo rò pé wọ́n máa gbé ìgò lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni. Oṣù kan gbáko, Mádáàmù ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Orí ẹní ni wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n á bu omi sínú abọ́ tánńganran, wọ́n á gbé e lé mi níkùn. Bí mo bá fi imú mí sínú, abọ́ gbọ́dọ̀ gòkè. Bí mo bá fi ẹnu mí síta, abọ́ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Omi ò sì gbọ́dọ̀ dànù.

"Fi imú fà á sínú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Ká a dé ẹ̀rin. Ó yá, tú u sílẹ̀ lẹ́nu, rọra, bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ká a dé ẹ̀fà. Èjìká!"

Èjìká yẹn, rúlà ló máa ń bá a rìn. Pá! Kì í dunni, àmọ́ ó ń kó ìtìjú báni. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àǹtí Èjìká. Aṣọ mi ń tutù lójoojúmọ́. Mo padà sílé ní Mùṣín, bàbá mi bi mí pé, "Ráli, ṣé omi lẹ ń pọn níbẹ̀ ni?"

Mádáàmù le! Tí mo bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á ní kí n padà sílé. Ọjọ́ kan mo sáré gòkè láti bá àsìkò, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ wọ wọ́ọ̀dù. Wọ́n dì mí lápá mú jáde. Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé èémí ń ranni bíi yíyán? Bí o bá wọlé tó ò ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo wọn á bá ọ mí hẹlẹhẹlẹ. Dúró síta. Tí ara ẹ bá balẹ̀, kí o wọlé." Títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò wọ ibi tí aláìsàn wà rí láìkọ́kọ́ dúró mí ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tó yé mi fún yín, nítorí ọjọ́ náà dùn ju ọdún Iléyá lọ! Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ò tíì bí nígbà yẹn ò lè mọ bó ṣe rí. Mo fẹ́ sọdá ní Yábàá, mo wo ibi tí mo máa ń wò látìgbà tí mo ti dáyé, mo sì gbẹ́sẹ̀ sójú títì. Ọkọ̀ kan já bọ̀ láti ibi tí mi ò wò, bíréèkì ké kíì, bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìró mi. Díráífà bú mi tìyá-tìyá. Mo fò padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọkàn mi ń lù kì kì kì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ojú mi fẹ́ máa ṣókùnkùn.

Ni mo bá rántí ikùn mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. Imú, ẹ̀rin. Ẹnu, ẹ̀fà. Mo tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìlù inú àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ọwọ́ mi dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Mo pariwo lójú títì pé, "Ó ṣiṣẹ́! Ó ṣiṣẹ́ o!" Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n yà fún mi, ó rò pé orí mi ti dà rú. Kò mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àyà èèyàn ní ìjánu, ọwọ́ ẹni ló sì wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún mi ní aláìsàn mi àkọ́kọ́. Páńẹ́lì-bítà ni, Bàbá Oyèbísí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìhà Ládìpọ̀ ló ti ń lu irin ọkọ̀. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níkùn, ìrora ojú abẹ sì ń dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ mí dénú. Ó kàn ń mí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lókè ọ̀fun bí ẹyẹ. Ewu ńlá nìyẹn ọ. Ẹni tí kò bá mí dénú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kó jọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, òtútù àyà á sì wọlé. Iṣẹ́ abẹ á yọrí, òtútù àyà á wá pani. Ara rẹ̀ ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo kí wọn, mo ní mo wá kọ́ wọn ní mímí.

Bàbá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ìwọ ọmọ yìí, mo ti ń mí kí wọ́n tó bí ìyá ẹ."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Àmọ́ láti àná, ẹ ò tíì mí."

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá fẹ́ bínú, àmọ́ ìbínú gba èémí, èémí sì dun ojú abẹ, ló bá dákẹ́. Mo gbé ìrọ̀rí lé ojú abẹ náà, mo ní kí wọ́n dì í mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó má bàa dùn jù. Mo gbé ìgò dé. Lákọ̀ọ́kọ́, omi ò mì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ta gbọ̀lọ̀ kan ṣoṣo. Bàbá yọjú wo ìgò náà bí ẹni tí ó rí ọ̀tá rẹ̀.

"Omi lásán ni yóò fojú di mi?"

"Ẹ rọra ni, Bàbá. Kì í ṣe agbára. Ẹ gbà á láti ìsàlẹ̀ ikùn."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, wákàtí wákàtí. Ìyàwó rẹ̀ á máa ka iye tó fẹ́, á máa ní, "Ó ku díẹ̀, ọkọ mi, ó ku díẹ̀!" Ó ń wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń jáde, ara ń tutù. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, omi pupa náà gbéra, ó gun rọ́bà, ó sì rọ́ sínú ìgò kejì wàà, kò ku ẹ̀kán kan! Bàbá ké pé, "Ó ti kọjá!" Gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ lókè náà pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí Bàbá Oyèbísí ń lọ sílé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ìgò méjì yẹn, ṣé wọn ò lè tà á fún mi?"

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lára. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tó bá wá bá mi pé orí ń fọ́ òun, màá ní kó máa mí. Ikùn ń run, máa mí. Mo ti gbà pé kò sí ohun tí èémí ò lè ṣe. Mádáàmù ti kì mí nílọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Títílayọ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ń kọ́ táìpù ní Sábó. Ikọ́ fée ń bá a jà, èyí tó máa ń di àyà pa tí àyà á máa han bíi fèrè. Dókítà fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kó máa wá sọ́dọ̀ wa fún mímí, kí ẹ̀rù má bàa máa dá kún àìsàn náà. Ọmọ náà dára, ó máa ń fi ìka táìpù lórí itan rẹ̀ bó ṣe ń ka ẹ̀rin àti ẹ̀fà. A di ọ̀rẹ́.

Mádáàmù gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta. Ọyẹ́ ń jà lọ́sẹ̀ náà, eruku gba gbogbo ojú ọ̀run. Títílayọ̀ wọlé wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, àyà rẹ̀ ń han. Mo ní, "Jókòó, jẹ́ ká mí." A bẹ̀rẹ̀. Ó gbìyànjú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dókítà."

Mo ní, "Fara balẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ó máa lọ."

Kò lọ. Mo tún ní kó ṣe é. Ó dì mọ́ etí àga, ọrùn rẹ̀ ń wọlé ń jáde. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́. Ó ní, "Àǹtí..." ó sì dákẹ́. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Èmi ṣì jókòó síbẹ̀, mò ń kà, "Ẹ̀kínní, èkejì..." Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé ohùn ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Bísí ló ń kọjá lọ tó wo ojú wíńdò. Ó pariwo, "Ráli! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?" Ó já wọlé, a gbé Títílayọ̀ sáré. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi ọ́síjìn bò ó nímú. Mo dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí oògùn ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, ó na ọwọ́ sí mi. Èmi! Mo dì í mú. Ó ń wo ẹnu mi, mo sì ń tú èémí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè máa tẹ̀ lé mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn àwọ̀ rẹ̀ padà. Ọmọ náà kò kú. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù, dókítà ò fi bò fún mi.

Nígbà tí Mádáàmù dé, mo ti di aṣọ iṣẹ́ mi sínú ọ̀rá. Mo gbé e lé wọn lórí tábìlì, mo ní mo ti ń lọ. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Gbé aṣọ ẹ. Èémí ń fọkàn balẹ̀, ó ń tún àyà ṣe, ó ń bá oògùn ṣiṣẹ́. Kì í ṣe oògùn. Ẹni tí àyà rẹ̀ dí, dókítà ló ṣáájú, ìwọ lo kẹ́yìn. Ṣé o ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Mà."

"Ó ku ìyá ọmọ náà. Wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé ìwọ lo gbà á là. Lọ sọ fún wọn."

Ọ̀nà Yábàá sí Sábó ò jìn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, ó dà bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn. Ránṣọ-ránṣọ ni ìyá Títílayọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú máṣíìnì wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ọmọ náà ní kí n pe dókítà, mi ò pè. Ìyá náà fa aṣọ kan mọ́ra. Wọ́n ń fi ìka pa etí rẹ̀, wọ́n ń pa á. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ká ní o ò wá sọ, mi ò bá tí mọ̀ láéláé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Dìde. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Máa kọ́ ọ lọ. Àmọ́ bó bá ní kí o pe dókítà..."

"Màá sáré, Mà."

Mo sunkún láti Sábó dé Mùṣín. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo aláìsàn: kí ni dókítà wí? Oògùn ńkọ́? Lẹ́yìn náà ni ìgò ń dé.

Nígbà tí mo lọ́kọ, a kó lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì sí tiwa ń sọ pé ara òun kì í balẹ̀, mo ní kó jáde sí àgbàlá láàárọ̀ Sátidé. Ó mú àbúrò rẹ̀ wá. Àbúrò mú ọ̀gá rẹ̀ wá. Kí oṣù méjì tó pé, èèyàn ti kún àgbàlá wa! Ìyàwó lèmọ́mù ń bẹ níbẹ̀, olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ níbẹ̀, gbogbo wọn gbé ọwọ́ lé ikùn, wọ́n pa ojú dé, wọ́n ń mí hùù bí ìgbì òkun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá ti rí i!

Ni ẹnì kan bá lọ sọ fún onílé wa, Àlàájì Sùnmọ́nù, pé mo ti dá ìjọ sílẹ̀ nílé wọn. Àlàájì dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ráliátù! Ta ló fún ẹ láṣẹ láti dá ìjọ sílẹ̀ nílé mi?"

"Ìjọ kọ́ o, Àlàájì. A kàn ń mí ni."

"Ẹ ń kí ni?"

"A ń mí, Àlàájì."

Wọ́n wo gbogbo èrò náà. Wọ́n ní, "Èmi náà á jókòó síbí. Màá wo ohun tí ẹ ń ṣe dópin." A gbé àga fún wọn. Mo ní kí wọ́n kàn bá wa ṣe é kí wọ́n lè rídìí rẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbé ọ̀pá lé itan, wọ́n pa ojú dé. Imú, ẹ̀rin. Ẹnu, ẹ̀fà. Kò pẹ́ rárá, a gbọ́ kan: họ́ọ̀n! Àlàájì ti sùn! Wọ́n sùn débi pé fìlà ṣí bọ́ sílẹ̀. Mo fọwọ́ dí ẹnu fún gbogbo èèyàn, a yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n jí. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, mi ò sùn báyìí rí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ nínú àwa ará ilé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bẹ́ńṣì mẹ́fà ni wọ́n gbé wá sí àgbàlá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, àmọ́ mo rí i dájú pé wọn ò fi oògùn tí dókítà kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ti kọ́gbọ́n.

Àwọn irinṣẹ́ ń yí padà. Nígbà tó yá, ìgò wa kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n kó ike kan dé tó ní bọ́ọ̀lù kéékèèké mẹ́ta nínú; ẹni tó bá fà á sínú dáadáa, bọ́ọ̀lù á fò sókè. Mo jà fún ìgò, mo ní omi pupa dùn ún wò jù. Ọjọ́ tí mo rí i tí aláìsàn gbé bọ́ọ̀lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni mo kọ́kọ́ fò sókè! Nísinsìnyí, fóònù ló ń ka èémí fún yín. Ó dára. Ẹ ṣáà rí i pé ikùn ló ń gòkè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn sọ ọ̀kan tí mi ò tíì sọ, nítorí òun ló sàn fún mi ju owó ìfẹ̀yìntì lọ. Ọdún mẹ́fà tàbí méje ni mo ti lò lábẹ́ Mádáàmù, wọn ò yìn mí rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyá tó bí Mádáàmù láti Abẹ́òkúta wá, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá náà. Lọ́jọ́ kejì Mádáàmù pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Mo wọlé lẹ́ẹ̀mejì, mo jáde lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè kọ́ ìyá mi. Bí wọ́n ṣe ń wò mí, mi ò rí èémí fà. Ráli, lọ bá mi kọ́ wọn."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo mí, mo wọlé. Ìyá náà kéré lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọdé. Mo gbé ìrọ̀rí fún wọn, mo gbé ọwọ́ wọn lé ikùn, mo ní kí wọ́n gbóòórùn ọbẹ̀.

"Ọbẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ bá fẹ́, Mà."

Wọ́n pa ojú dé, wọ́n fa èémí, ó wọlé dénú. Wọ́n tú u sílẹ̀, a ṣe é títí àwọ̀ fi padà sójú wọn. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ tutù, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ọmọ yín ni, Mà."

"Morẹ́nikẹ́? Òun náà dà?"

Mádáàmù ń bẹ ní ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n fara ti ògiri, omijé ń dà lójú wọn, èémí wọn wà lókè ọ̀fun, èjìká wọn ti gòkè kan etí. Mo wò wọ́n. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Mo ní, "Mádáàmù, ẹ jọ̀ọ́, èjìká."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn mọ́ ẹkún. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ ìyá wọn mú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ mí. Èmi ni mò ń kà.